Bàtà Ọgbà Ìṣeré Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ènìyàn ń fi yangàn. Ó fẹ̀ níwájú, abẹ́ rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, gìgísẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ta mí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Aránṣọ ni mí ní Òkókómáìkò. Bí mo bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, ó di ìgbà tí ebi bá lé mi dìde. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa yóò sọ fún yín pé ẹnu mi ń rìn ju ẹsẹ̀ mi lọ, n kò sì ní bá a jiyàn.

Ní ọdún tó kọjá, ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọdún Àjíǹde, ṣọ́ọ̀ṣì wa kó àwọn ọmọdé lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan ní òdìkejì Èkó lọ́hùn-ún. Àwọn òbí tẹ̀lé wọn. Irú ọgbà tí ẹ̀rọ ti ń gbé ọmọ ènìyàn sókè sódò ni, tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń kọlu ara wọn, tí ènìyàn sì ní láti rìn kí ó tó ti ìdí ohun ìṣeré kan dé ìdí òmíràn. Ẹ ó ní kí ni mo wọ̀ lọ? Bàtà gogoro pupa ni, èyí tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo fẹ́ kí fọ́tò dáa. Fọ́tò náà sì dáa lóòótọ́, ó wà lára ògiri wa títí di òní, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán.

Kí ó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ohun kan péré ló torí rẹ̀ wá: kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, tó ń gbé ènìyàn yípo lófurufú díẹ̀díẹ̀. Ìpẹ̀kun ọgbà lọ́hùn-ún ló wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ tó kéré bíi tirẹ̀ gùn ún láìsí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, “Jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi díẹ̀.” Ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ ọ́ títí wọ́n fi fọn fèrè pé kí gbogbo wa padà sínú bọ́ọ̀sì.

Nínú bọ́ọ̀sì, òun ló gbé bàtà pupa mi lé itan, nítorí pé kò sáyè nílẹ̀. Kò sunkún, kò sì rojọ́. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá ti jágbe mọ́ ọn, ara ì bá sì tù mí. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, tíṣà àwọn ọmọdé ní kí oníkálukú sọ ohun tó gùn. Ẹnì kan ní ọkọ̀, ẹnì kan ní ẹṣin onírin. Ó kan ọmọ mi. Ó dìde, ó ní, “Èmi àti Màámi jókòó.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Nígbà tí a délé mo pè é. Mo ní, “Lọ́dún tó ń bọ̀, láti ìgbà tá a bá ti wọ géètì títí a ó fi jáde, n kò ní jókòó. Èmi àti ìwọ la jọ máa gun kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn.”

Ó wò mí dáadáa. Ó ní, “Ṣé ẹ ṣèlérí?”

Mo ní mo ṣèlérí.

Nígbà tí ó ku oṣù kan kí ọjọ́ pé lọ́dún yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà. Mo kọ́kọ́ lọ sí Alábà, mo ra kánfáàsì funfun kan tó ń dán. Mo wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó bá mi mu. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń fún ọmọ ìka mi kékeré bí ẹni pé ó ń bá a jà. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹni tó tà á ní yóò fẹ̀ tó bá yá. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, “Kó tó fẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ á ti bó.” Mo fi kánfáàsì náà ta àbúrò mi lọ́rẹ. Mo wá dán sílípáàsì onírọ́bà wò, nítorí pé ó fúyẹ́. Mo fi rìn lọ sí ibùdókọ̀ àti bọ̀, okùn rẹ̀ sì dá egbò sí àárín ìka mi.

Bàbá Ẹ̀gùn kan tó ń ta bàtà ọ̀kírìkà ní Ìyànà-Ìbá ló là mí lójú. Ilẹ̀ ló máa ń pàtẹ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo sì ti ń na ọwọ́ sí bàtà aláwọ̀ osùn kan tó rẹwà.

Bàbá ní, “Màdáámù, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní, “Mo fẹ́ fi rìn. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sílẹ̀. “Ẹ lọ. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́.”

“Ẹ ò fẹ́ tajà ni?”

“Mo fẹ́ tajà o. Ẹsẹ̀ àárọ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́. Leg dey swell. Tẹ́ ẹ bá ra bàtà láàárọ̀, tó bá dọ̀sán, wàhálà don start.”

Mo bínú lọ, torí n kì í fẹ́ kí ẹni tí mo fẹ́ fún lówó máa pàṣẹ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rántí kánfáàsì Alábà. Ní ìrọ̀lẹ́ mo padà. Bàbá tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ní kí n dúró lé e, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ká. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tóbi ju ti òsì lọ. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí! Èmi tí mò ń wọn ara àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́, n kò wọn ẹsẹ̀ ara mi rí. Ó ní ti ọ̀tún la ó tẹ̀ lé. Ó mú bàtà kan, ó ká a. “Ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ni kí bàtà ti ká. Tó bá ká láàárín, no buy am.” Ó ní kí n ti ẹsẹ̀ síwájú nínú bàtà, kí n wò ó bóyá ìka ọwọ́ mi kan á wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀, bóyá tìmùtìmù rẹ̀ ṣì ń gbéra padà.

Èyí tó yege nínú gbogbo ìdánwò yìí ló burú jù lọ lórí àtẹ. Àwọ̀ eérú ni, ó ní ìlà àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wú bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo ní, “Bàbá, bàtà yìí mà burẹ́wà o.”

Bàbá ní, “Ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ fi yà ni?”

Bàbá yìí ò mọ̀ mí rí. Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ti yẹ kó bá mi, mo sanwó láìná ọjà. Ó fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ funfun kan tó nípọn, ó ní n kò gbọdọ̀ wọ bàtà náà láìsí i, n kò sì gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìrìn kí n tó máa wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ọmọ mi á rìn láti Òkókómáìkò lọ sí Ìyànà-Ìbá, a ó sì rìn padà. Òun á máa ka òpó iná. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì kì í dákẹ́ bó bá ti rí wa. “Ìyá aránṣọ, ta lẹ ń lé?” Ní ọjọ́ kejì á ní, “Ṣé ẹ ò tíì bá a?” Mo máa ń dá a lóhùn pé ó kù díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ mi ò ta mí mọ́. Ọmọ mi ní, “Màámi, ẹ ò dúró rárá lónìí!” Inú mi dùn bí ẹni pé mo gbégbá orókè níbì kan.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní láti sọ ohun kan nípa ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà, aṣọ funfun gígùn tí a fi ń jọ́sìn, kì í wọ bàtà, ì báà jẹ́ inú ilé, ì báà jẹ́ ojú títì. Èmi sì ni olórí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú mi kì í fo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà òjò kan, ìyá àwọn ìbejì kan gba inú ẹrẹ̀ bọ̀ láti ibùdókọ̀, ó wọ sílípáàsì sí sùtánà rẹ̀. Mo dá a dúró lójú gbogbo ènìyàn, mo ní kó lọ bọ́ ọ ní kọ̀rọ̀, kó sì wá tọrọ àforíjì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò nígbà náà pé mo ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, tíṣà àwọn ọmọdé dìde. Ó ní lọ́dún tó kọjá ọmọ kan sọnù fún bíi wákàtí kan láàárín èrò, nítorí náà, tọmọdé tàgbà ni kó wọ sùtánà lọ lọ́tẹ̀ yìí, kí a lè máa rí ara wa láti òkèèrè. Gbogbo ìjọ ní ó dára. Kò sí ẹni tó dárúkọ bàtà, kò sì sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo dìde fúnra mi. Mo ní, “Ẹ rántí o. Sùtánà ò bá bàtà rìn.” Mo tún jókòó. Ìgbà tí ìdí mi kan àga ni mo rántí bàtà aláwọ̀ eérú.

Ǹ bá ti dìde padà. N kò lè dìde padà.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Oṣù kan gbáko lo fi ń wá bàtà. Ẹsẹ̀ lásán lo wá fẹ́ gbé lọ?” Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo gun àga, mo gbé bàtà náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìkòkò ńlá.

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, “Màámi, ẹ kúkú lè gbé e sínú báàgì.”

“Kí n wá di alágàbàgebè? Èmi tí mò ń lé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà?”

Ó wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a dé ọgbà náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ilẹ̀ ṣì tutù, ó mọ́, ó ń dán, mo sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ bí onílé. Mo ní lọ́kàn mi pé ta ló nílò bàtà pàápàá? Ìgbà tí a wọlé tán ni a gbójú sókè. Funfun níwájú, funfun lẹ́yìn. Ìjọ aláṣọ funfun bíi mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láti oríṣiríṣi àdúgbò, gbogbo wọn ló sì ti ro ohun tí tíṣà wa rò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ kan láti ìjọ mìíràn ti di ọwọ́ mi mú, ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Tíṣà wa gbé ọwọ́ lérí.

Oòrùn wá yọ tán. Ilẹ̀ tí mo ń yìn, táìlì símẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, ó ti gbóná bí agbada alákàrà. Àwọn ọmọdé ń fò láti abẹ́ igi kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Tíṣà fara balẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin òbí, ohun tá a torí ẹ̀ wọ sùtánà yìí ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá láṣọ lábẹ́ ẹ̀, kó bọ́ sùtánà, kó ká a dáadáa.”

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, mo gbọ́ tí síìpù báàgì ń dún káàkiri. Sílípáàsì jáde. Sáńdàsì jáde. Kánfáàsì jáde, ti ìyá, ti ọmọ. Gbogbo wọn pátá ló gbé bàtà wá! Ìyá àwọn ìbejì rí i pé mò ń wo òun, ó sì yára fi sílípáàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ló wí. “Ẹ̀rù yín ló bà wá.”

Mo fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bínú bó ṣe yẹ nígbà tí ènìyàn ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. Nínú gbogbo wa, èmi tí mo fi oṣù kan yan bàtà nìkan ni mo wá lọ́wọ́ òfo.

Gìgísẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, a ń tiro lọ. Lọ́ọ̀ọ́kán ni mo rí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, bẹ́ǹṣì ọdún tó kọjá gan-an. Mo yà síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi díẹ̀.”

Ọmọ mi dúró síwájú bẹ́ǹṣì náà. “Màámi, ẹ má tíì jókòó.”

Ó sọ báàgì ilé-ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Ó yọ ike omi, ó yọ bisikíìtì. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fa bàtà aláwọ̀ eérú jáde, ìbọ̀sẹ̀ funfun wà nínú rẹ̀. Ó ti gun àga gbé e lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti gbé e rù láti Òkókómáìkò wá.

Mo ní, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látàárọ̀?”

“Ẹ̀ bá ti ní kí n dá a padà.”

“Sáńdàsì tìẹ ńkọ́?”

“Báàgì ò gbà á. Ẹsẹ̀ yín tóbi.”

Ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹsẹ̀ kejì nítorí ilẹ̀ tó gbóná, ó sì ń wò mí bóyá n ó bínú. Ó ní, “Ẹ sáà ṣèlérí.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní oòrùn ni. Mo bọ́ sùtánà mi, mo ká a, mo fún un mú dání. Ìyá àwọn ìbejì ti sáré dé pẹ̀lú sílípáàsì ọmọ rẹ̀ kan, àmọ́ ó kéré jù fún ẹsẹ̀ ọmọ mi. Mo wá mú ìbọ̀sẹ̀ bàbá Ẹ̀gùn, mo wọ̀ ọ́ sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ó gùn dé orúnkún rẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ bàtà. Bàbá ní n kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ibi tí oòrùn bá ti mú jù, mo máa ń pọ̀n ọ́n. Bàtà náà gbé àwa méjèèjì.

A rìn dé ìpẹ̀kun ọgbà. Èrò pọ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ ńlá náà, a tò fún ìgbà pípẹ́, mo sì dúró. Nígbà tó gbé wa gòkè, mo di irin mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi na ọrùn. Ó ní, “Màámi, ṣé a lè rí Òkókómáìkò láti ibí?”

Omi àti òrùlé nìkan ni mo rí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Wo ṣọ́ọ̀bù mi lọ́hùn-ún. Wo obìnrin oníbọ̀ọ̀lì, ó ń bi wá bóyá a ti bá a.”

Ó rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ náà fi gbé wa dé ilẹ̀, ó sì ní ká tún gùn ún. A tún gùn ún.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá àwọn ìbejì jókòó sẹ́yìn mi nínú bọ́ọ̀sì. Mo yíjú sí i. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ sílípáàsì ọjọ́ òjò yẹn, jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

“Ọjọ́ òjò wo, Màmá?” ló wí. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọmọ mi ti sùn lọ. Kò sáyè nílẹ̀, nítorí náà mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé itan mi. Abẹ́ ìbọ̀sẹ̀ funfun náà ti dúdú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti yọ síta. Mo fi ọwọ́ bò ó títí a fi dé Òkókómáìkò.